Aṣọ Pupa Ẹnu Omi

Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní ọkọ̀ yóò gbéra, ṣùgbọ́n láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Télọ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà létí omi, bí ẹni pé ọkọ̀ náà lè yọ́ lọ láìdágbére. Ẹ̀wù funfun tó wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ìlà apá ọ̀tún kò gún tó lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ kọ́là ẹ̀wù náà, òwú wé mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbé láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, kó tó di olóògbé, a máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ ọkọ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dé, ó mú agbòòrùn àti ike omi dání. Agbẹ̀bí ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti jí? Àbí ibí lẹ sùn?"

"Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣé oorun ló yẹ kó máa sùn?"

"Ẹ kú ìgbìyànjú. Ọdún mọ́kànlélógójì lẹ fi sùn, ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ wá jí."

Ó rẹ́rìn-ín, Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jókòó sáàárín wọn lórí bẹ́ǹṣì bí ẹnì kẹta.

Inú igbó orí omi tí àwọn èèyàn ń wọkọ̀ lọ wò lónìí ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ilé méje péré ni, gbogbo wọn dúró lórí òpó, lórí òkìtì ìkarahun kan tó fi díẹ̀ ga ju omi lọ. Ẹja ni bàbá wọn ń pa, ìyá wọn a sì yan án. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Télọ̀ nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Ó ní ọdún méjì péré lòun ó lò. Ọdún méjì bí mẹ́wàá, mẹ́wàá bí ogún. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ó fẹ́yàwó, ó sin ín. Ó ń kọ lẹ́tà sílé, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́. Nínú gbogbo aṣọ tó fi ránṣẹ́, ọ̀kan ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: aṣọ pupa kan, ọ̀pá mẹ́wàá, tó ń tutù lọ́wọ́ bí ewé àárọ̀. Ó ní kí ìyá òun fi rán ẹ̀wù ńlá tó máa kan ilẹ̀. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tó bá rántí ìyá rẹ̀, inú ẹ̀wù pupa yẹn ló ti máa ń rí i.

Nígbà tí ìyá náà kú, ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, Télọ̀ ti gba iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù igba òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan, iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́. Apá ẹ̀wù ló ń rán lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé lórí òkìtì náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé méje yẹn tú. Wọ́n sọ gbogbo igbó di ibi ààbò ẹranko, ẹnikẹ́ni kò sì lè wọ̀ ọ́ mọ́ láìsí afinimọ̀nà.

Ohun tí Télọ̀ wá ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ orí òkìtì yẹn, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó ní, "Ìyá mi, mo dé." Ọ̀la ni yóò padà sí òkè òkun, dókítà tó ń bójú tó ọkàn rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ìrìn àjò yìí ni kó kádìí ẹ̀. Láti àná ló sì ti ń bẹ àbúrò rẹ̀: "Má tọ́ mi sọ́nà o. Jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí ẹnu omi wa. Ọmọ tí kò bá mọ ilé ìyá rẹ̀, kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Afinimọ̀nà dé. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún. Ó kí Télọ̀, ó kúnlẹ̀ fún Agbẹ̀bí.

"Èmi ni mo gbẹ̀bí eléyìí," ni Agbẹ̀bí wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Orí ló gbé jáde, tààrà, kò yà síbì kankan. Ó ti mọ̀nà láti ìgbà yẹn."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí àwọn àlejò mi!"

Tọkọtaya tuntun kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn bú sẹ́rìn-ín. Afinimọ̀nà fún kálukú ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó wá ń ka orí wọn pẹ̀lú ìka.

"Èèyàn márùn-ún la jẹ́ lọ, tèmi náà kún un. Èèyàn márùn-ún la ó jẹ́ bọ̀. Omi ń kún lọ́wọ́ báyìí, tó bá di ọ̀sán gangan, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bàbá, ibi tí ẹ sọ yẹn kò sí lára ibi tí à ń mú àlejò dé, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ti lè fi ẹnu omi tó wọ ibẹ̀ hàn mí kí omi tó fà, màá gbé yín dé ìdí ẹ̀. Tó bá ti fà, ẹrẹ̀ ló máa kù. Ó di ọjọ́ kejì nìyẹn."

"Kí n fi hàn ọ́ kẹ̀?" ni Télọ̀ wí. "Fi aṣọ dì mí lójú, màá mọ̀ ọ́n."

Agbẹ̀bí ń ká agbòòrùn rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dún títí wọ́n fi dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni afinimọ̀nà ti pa á, ó mú ọ̀pá gígùn, ó ń fi tì wọ́n lọ jẹ́jẹ́. Gbogbo igi ibẹ̀ ló dúró lórí gbòǹgbò tó yọ síta, bí obìnrin tó ká aṣọ sókè kó má baà tutù. Àwọn akàn tí ọwọ́ kan wọn tóbi ju èkejì lọ ń ju ọwọ́ ńlá náà lórí ẹrẹ̀.

"Wọ́n ń kí wa!" ni ìyàwó tuntun wí.

"Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ wa ni," ni Agbẹ̀bí dáhùn. "Ìwọ náà á mọ ìyàtọ̀ tí o bá pẹ́ díẹ̀ sí i nílé ọkọ."

Ẹja kékeré kan jáde nínú omi, ó ń fi lẹ́bẹ́ wọ́ rìn lórí ẹrẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọ̀nì kan nà sílẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò, ó ṣe bí ìtì igi, àfi ojú rẹ̀. Àwọn ọ̀bọ kọjá lókè, ìyá kan wà láàárín wọn tí ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn níkùn. Kámẹ́rà ń dún. Télọ̀ kò wo ìkankan. Ẹnu omi ló ń wò, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo wọn jọra bí bọ́tìnnì inú páálí.

"Igi ńlá kan ni mò ń wá," ni ó wí. "Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí omi bí ẹni tó fẹ́ bomi mu."

Wọ́n dé ẹnu omi kan. Aṣọ pupa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ igi, oòrùn ti fà á láwọ̀, etí rẹ̀ ti ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.

Télọ̀ yínmú. "Ta ló so àkísà sínú igbó? Wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́tí ẹ̀."

"Àmì àwa ọlọ́kọ̀ ni, Bàbá. Ibẹ̀ la fi ń mọ̀ pé a ti rin ìdajì ọ̀nà. Bó bá gbó, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á so òmíràn. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

"Bọ̀ọ̀dá," ni Agbẹ̀bí wí, ohùn rẹ̀ kéré, "ẹ wò ó dáadáa."

"Kí ni kí n wò? Igi ni mò ń wá, kì í ṣe àkísà. Ó kù níwájú."

Agbẹ̀bí yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tó yá, igi kan yọ, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lóòótọ́. "Òun nìyẹn!" Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró nínú ọkọ̀. Wọ́n yà wọlé. Ó ní òkìtì ìkarahun máa wà lọ́wọ́ òsì, kò sí. Ó ní ó máa wà lẹ́yìn kọ́nà, wọ́n dé ẹ̀yìn kọ́nà, gbòǹgbò ni. "Tún sún síwájú díẹ̀." Wọ́n sún. "Tún sún díẹ̀ sí i." Ọ̀nà náà ń fún títí ẹ̀ka igi fi ń gbá wọn lórí, títí igbó fi pa dé mọ́ wọn níwájú.

Ewé kan wà lójú omi tó ti ń bá wọn bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà síta.

"Bàbá," ni afinimọ̀nà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "omi ti ń fà."

Télọ̀ yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Níbo ni?"

"A ti kọjá ẹ̀."

"Igi ńkọ́?"

"Igi yẹn ti wó, ó ti pé ọdún méjìlá. Aṣọ ni Ìyá so fún yín."

"Aṣọ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀ ń lọ, inú ọkọ̀ lẹ ti ń ké padà sí i. Ẹ ní, 'Ìyá mi, ẹ so nǹkan pupa mọ́ ẹnu omi wa o, kí n má baà ṣìnà tí mo bá ń bọ̀!' Gbogbo ilé méje ló rẹ́rìn-ín."

Télọ̀ wá a nínú ọkàn rẹ̀. Ó rí ọkọ̀, ó rí oòrùn ọjọ́ náà, ó rí ìyá rẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ojú. Ọ̀rọ̀ náà ni kò rí. Àwàdà ni, ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń jù sẹ́yìn kí ẹkún má baà mú un.

"Ìyá ò gbà á ní àwàdà," ni Agbẹ̀bí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Gèlè orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ so. Nígbà tí ìyẹn gbó, aṣọ pupa tí ẹ fi ránṣẹ́ wá dé."

"Ó fi rán ẹ̀wù."

"Kò fi rán nǹkan kan. Ó ń gé e díẹ̀díẹ̀, ìbú ọwọ́ kan, ìbú ọwọ́ kan. Bí òjò bá mú ọ̀kan lọ, a gé òmíràn. Mo ní, 'Ìyá, irú aṣọ olówó iyebíye yìí?' Ó ní ṣé èmi lẹ fi ránṣẹ́ sí ni? Lọ́jọ́ tó kú, èyí tó kù nínú ẹ̀ kò tó ìborùn ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo lọ so ìyẹn. Lẹ́yìn mi làwọn ọlọ́kọ̀ ń so tiwọn."

Ọ̀pá dúró lọ́wọ́ afinimọ̀nà. "Mi ò mọ̀ o, Bàbá. Mi ò mọ̀ rárá."

"Nígbà tí mo pè é ní àkísà," ni Télọ̀ wí, "kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Agbẹ̀bí gbé agbòòrùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ní kí n má tọ́ yín sọ́nà. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú yín á dá a mọ̀. Nígbà tí ẹ kọjá, inú bí mi, ìbínú ò jẹ́ kí n lè la ẹnu. Mo bá Ìyá lọ so aṣọ yẹn nínú òjò, Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n pariwo."

"Ìwọ kọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìwọ kọ́ rárá."

Afinimọ̀nà fi ọ̀pá tì wọ́n padà bó ṣe lè yá tó. Nígbà tí wọ́n dé ibi aṣọ pupa, ó ti ọ̀pá bọ ẹnu omi náà. Omi kò dé orúnkún. Ìyókù, ẹrẹ̀ dúdú. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà ti yà, orí òpó méjì yọ sókè, lékeléke kan dúró lórí ọ̀kan.

Ọkọ ìyàwó ní òun lè pọn bàbá dé ibẹ̀.

"Ẹrẹ̀ yẹn á gbé ẹ̀yin méjèèjì mì," ni afinimọ̀nà wí. "Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Kò sí ẹ̀bi rẹ. Kàn gbé mi sún mọ́ igi yẹn."

Ó sún ọkọ̀ mọ́ ọn. Télọ̀ di igi náà mú. Lábẹ́ aṣọ tó wà níta, kókó wà lórí kókó, àwọn okùn aṣọ tó ti jẹrà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni èèpo igi ti dàgbà bo ọ̀kan, ó gbé e mì tán, ó ku ìdí rẹ̀ tí kò ju ìka lọ. Ó fọwọ́ pa á. Ọwọ́ télọ̀ kì í gbàgbé aṣọ. Ó mọ̀ ọ́n: èyí tó fi ránṣẹ́ ni.

Ó fa abẹ́rẹ́ yọ lábẹ́ kọ́là rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Etí ẹ̀ ni. Aṣọ tí wọn ò bá ṣẹ́tí ẹ̀ kì í pẹ́."

"Ta lẹ̀ ń rán an dè? Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ mọ́."

"Mo mọ̀."

Ó ká etí aṣọ tó wà níta náà, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún un níwọ̀n kan náà, níwọ̀n kan náà. Aṣọ ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Agbẹ̀bí na ọwọ́, ó di ìkángun kejì mú kó lè nà fún un. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. Omi ń sá lábẹ́ wọn, gbòǹgbò ń yọ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, akàn ń jáde. Nígbà tó dé ìparí, ó fi eyín gé òwú, ó wá kọjú sí àwọn òpó méjì náà.

Ọ̀rọ̀ tó kó wá láti òkè òkun wà lẹ́nu rẹ̀. Kò lè sọ ọ́, nítorí kò dé.

"Ìyá mi," ni ó wí, "ẹ má bínú. Mo rí i, mo kọjá."

Lékeléke náà yí ẹsẹ̀ padà lórí òpó. Afinimọ̀nà dúró díẹ̀ sí i, ìdí ọkọ̀ sì ti ń ha ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka sókè, ó ka orí wọn láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde dáadáa, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó ka tirẹ̀ mọ́ ọn, ó wá ti ọ̀pá mọ́lẹ̀.