Ẹja Tí Àna Mi Mú

Eṣinṣin kò wọ́n ní Bódìjà. Ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran lọ́jà wa yóò rí èyí tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n Gbádérọ̀, àna mi, di tirẹ̀ sínú àpótí wá láti Kánádà: ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi òwú so mọ́ ìwọ̀. Ó ní ẹja lọ́hùn-ún máa ń rò pé eṣinṣin ni, á sì gbé e mì. Ó tò wọ́n sórí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé. Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún un wà nínú yàrá, Gbádérọ̀ kò sì tíì bi mí bóyá ọmọ ń mu ọmú dáadáa.

Ó ní odò kan ń ṣàn lẹ́sẹ̀ àwọn òkè ńlá nítòsí Kálígárì, níbi tó ń gbé, omi rẹ̀ tutù débi pé yìnyín máa ń bo etí rẹ̀. Ẹja funfun kan wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kékeré, àwọn òyìnbó tó gbójú nínú ẹja pípa kì í kà á sí. Òun ni Gbádérọ̀ yàn láàyò. Mo ní ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń bá òun ṣeré ni. Mo bi í pé báwo ni ẹja náà ṣe rí lẹ́nu. Ó ní òun ò jẹ ẹ́ rí, pé tí òun bá mú un, òun á ya fọ́tò rẹ̀, òun á sì dá a padà sómi. Kí ni kí n sọ fún àgbàlagbà tó wọ ṣòkòtò rọ́bà, tó dúró sínú omi tútù láti àárọ̀ dalẹ́, tó mú ẹran ọbẹ̀, tó sì ní kó máa lọ?

Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Ọmọ́bọ́láńlé, ló fẹ́ ẹ. Ọkọ mi, bàbá rẹ̀, ti kú. Apòògùn ni Láńlé, ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ré òkun kọjá, tó ń wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí Gbádérọ̀ wá fún ìsọmọlórúkọ, ó ní kí Láńlé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó gbé ọmọ, kí wọ́n jọ máa lọ. Láńlé ní òun yóò fún un lésì tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Òtútù kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gbádérọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì fi pamọ́ fún un fún ọ̀pọ̀ oṣù. Á ní òun wà níbi iṣẹ́, etí odò ló wà. Ẹnu ẹlòmíràn ni Láńlé ti gbọ́.

“Mọ́mì,” ló sọ fún mi, “mi ò mọ̀ bóyá mo lè bá ẹni tó ń purọ́ fún mi gbé níbi tí mi ò ti lẹ́nì kan.”

Mo ní kó má lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ilé yìí tóbi jù fún èmi nìkan.

Ní ìdílé Gbádérọ̀, bàbá ọmọ ló ń wá ẹja ìsọmọlórúkọ. Ọjà ni gbogbo wọn ti ń rà á, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n pa á fúnra wọn. Ṣùgbọ́n àna mi la ẹnu ńlá níwájú Bàbá Májẹ́kódùnmí, àbúrò bàbá rẹ̀, ó ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun mú ti ọmọ òun. Inú bàbá dùn, wọ́n súre fún un. Mo ní n óò bá a lọ, nítorí irú ìran bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ròyìn fún ni.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, a gba Baṣọ̀run jáde, a bọ́ sọ́nà Ifẹ̀, ó di Aṣéjírè. Àwọn tó ń ta ẹja wà létí títì bí wọ́n ṣe máa ń wà, tútù, yíyan. Gbádérọ̀ ò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ó wọ ṣòkòtò rọ́bà nínú oòrùn yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju okùn. Á jù ú síwájú, á fà á sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja, Safiyyah, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ wá dúró tì mí.

“Màmá, kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Wọ́n ń pẹja.”

Ó wò ó títí. “Ṣé ara wọn yá ṣá?”

Oòrùn ti kan àtàrí kí okùn tó fà. Mo rò pé ó há mọ́ igi ni. Ẹja ni, epìyà tó gbórín. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Gbádérọ̀ ní kí n ya fídíò rẹ̀, mo gbé fóònù mi sókè. Ó kọ́kọ́ rẹ ọwọ́ rẹ̀ sómi kó má bàa bó ẹja lára, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e hàn mí. Ó wá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró sínú odò, ó kọjú rẹ̀ síbi tí omi ti ń bọ̀ kó lè rí èémí mí. Ọkùnrin yìí kò tíì gbé ọmọ rẹ̀ rí, ó ní ọrùn rẹ̀ rọ̀ jù. Ó ṣí ọwọ́. Ẹja ju ìrù, ó lọ.

Gbádérọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó sì ká ọwọ́ lérí.

“Wọ́n fi í sílẹ̀,” Safiyyah wí, bí ẹni pé èmi ò ríran.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mọ́mì, ó ti mọ́ mi lára ni.”

“Mo rí i.”

Ó ra ẹja àrọ̀ kan lọ́wọ́ Safiyyah. Nínú ọkọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Láńlé.” Mi ò ní mo gbọ́, mi ò ní mi ò gbọ́.

Nígbà tí a délé, ó gbé àrọ̀ náà sínú ọpọ́n, ó yára wọ ilé ìwẹ̀. Láńlé wo ẹja, ó wò mí.

“Mọ́mì, ṣé òun ló mú un?”

“Ọkọ rẹ ni kó o bi.”

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí Gbádérọ̀ gbé irọ́ náà wọ àárín ẹbí, kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, kí n tó gbé fídíò jáde. Tí ojú rẹ̀ bá ti já níwájú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ Kánádà parí nìyẹn, ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ á dúró tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pálọ̀ kún. Bàbá Májẹ́kódùnmí fi omi súre, wọ́n fi iyọ̀ súre, wọ́n sọ ọmọ ní Ìrẹ̀mídé, ó wá kan ẹja.

“Orí lẹja fi ń la ibú. Ọmọ yìí yóò fi orí la ibú ayé já.”

“Àmín.”

“Bàbá rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹja yìí fún un.”

Mo ti mú fóònù dání.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́.” Gbádérọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti agbádá. “Mo mú kan, mo tún dá a padà sómi, ó ti mọ́ mi lára. Mo ra èyí létí títì ni. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ látàná.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra wọn rẹ́rìn-ín. “Dìde, jàre. Ẹja ọjà náà, inú omi ló ti wá.”

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo wo ojú Láńlé, kó lè rí irú ẹni tó fẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi àti fóònù ọwọ́ mi ló ń wò.

Mo bá a ní yàrá lẹ́yìn ìjẹun.

“Ṣé o rí ọkọ rẹ?”

“Mo rí i. Mò ń bá a lọ, Mọ́mì.”

“Nítorí pé ó dá ẹja padà sómi?”

“Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ látàná. Mo sì bi yín.”

“Mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀—”

“Mo bi yín, Mọ́mì.”

Mo la ẹnu láti sọ pé ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ tan ẹja kò lè bọ́ ìyàwó, pé ọmọ ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde ni, “Ta ló máa wà lọ́dọ̀ mi?”

Ó gbé Ìrẹ̀mídé lé mi lọ́wọ́, ó sì jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ láàárín àwọn àlejò.