Ìjókòó Àwọn Tó Ti Lọ

Eruku símẹ́ǹtì já bọ́ sí èjìká aṣọ dúdú rẹ̀. Àkọ́bí fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù, ó sì gbójú sókè. Lára ògiri ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń gbà jáde sí pápá, aláǹgbá kan yọrí, ó mirí sí i bí ẹni tó ń kí ni kú àbọ̀, ó sì padà sínú ihò rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín ọ̀hún kú sí i lẹ́nu. Ìgbà wo ni ògiri yìí lanu?

Lókè orí rẹ̀, ẹsẹ̀ ń rọ́ gìrìgìrì. Eré ìrántí Bàbá ni wọ́n wá wò, Bàbá tó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yìí sílẹ̀ tó sì tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ inú ilé. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kí ó bú rẹfirí rí. Agbábọ́ọ̀lù tó bá dá lẹ́sẹ̀, Bàbá ló ń jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó fẹ́ kú, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù ló fi ẹgbẹ́ náà lé. Àkọ́bí ló ń pè é láti kékeré, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan àwọn baba tí irun orí wọn ti funfun ju tirẹ̀ lọ.

Orúkọ Bàbá wà lára ilé ìwòran ńlá tí ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní àárín gbùngbùn ibẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè rí ilé góòlù méjèèjì kedere, àwọn ìjókòó kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Okùn funfun ni Bàbá fi yí wọn ká. "Àwọn tó ti lọ ló ni wọ́n," ni ó máa ń sọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tó ti kú, àti àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó ti sùn nínú Olúwa. Àwọn ọkùnrin máa ń ṣí fìlà bí wọ́n bá ń kọjá níbẹ̀. Àlejò tó bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ á nu ojú.

Àbúrò Àkọ́bí ọkùnrin ló dá a lábàá nínú ìpàdé ẹbí. Ó ní nígbà tí Bàbá fúnra rẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ti lọ, ṣé kò yẹ kí wọ́n tú okùn náà lọ́jọ́ kan péré, kí Màmá àti ẹbí pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ àti Balógun Àtijọ́ tó jẹ́ ọ̀gá wọn lórí pápá jókòó síbẹ̀? Gbogbo wọn ṣe àmín. Àkọ́bí náà ṣe àmín.

Eruku tún já bọ́.

Ọjọ́ kan wá sí i lọ́kàn, nígbà tó wà ní kékeré. Ó gba abẹ́ okùn funfun kọjá, ó sì ń fò sókè fò sílẹ̀ lórí ìjókòó. Bàbá, tí kì í na ọmọ ẹnikẹ́ni, gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló gbá a mọ́ra, tí òun gan-an sì bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni Àkọ́bí ti gbà pé òkú lòun fàbùkù kàn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí eré bá ti gbóná, Bàbá á pòórá. Àwọn ènìyàn á máa sọ fún ara wọn tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Bàbá ti lọ gbàdúrà." Ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà lábẹ́ ilé ìwòran náà tí ó máa ń gbà wọlé, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ògiri. Ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ Bàbá sì ti wà nínú àpò Àkọ́bí láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ó lọ bá ilẹ̀kùn náà. Kọ́kọ́rọ́ tó kéré jù ló ṣí i.

Inú ibẹ̀ ṣú, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Òpó irin ló kún ibẹ̀, àwọn òpó tí bíríkìlà fi ń gbé òrùlé ró kí kọnkéré tó gan. Òmíràn ti dípẹtà, òmíràn ṣì ń dán. Wọ́n dúró ti ara wọn gbágbáágbá bí ìjọ tó dìde láti kọrin. Lókè wọn, ìdábùú òpó kọnkéré tó gbé ìjókòó àárín ti sán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan ti ń fi símẹ́ǹtì dí i láti ọdún dé ọdún. Àwọ̀ símẹ́ǹtì náà ò dọ́gba, bí ẹ̀wù tí wọ́n lẹ̀ láìmọye ìgbà. Nílẹ̀, ẹní kan wà tí eékún ti jẹ ní ibi méjì.

Nítorí náà, Bàbá ń gbàdúrà lóòótọ́. Kò pa irọ́ ìyẹn.

Gbì! Ẹnì kan tó sanra jókòó lókè. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà dún, ohùn tín-ín-rín, bí ohùn ẹ̀fọn létí ẹni tó fẹ́ sùn.

Àkọ́bí sáré jáde. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti pàdé àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ wà? Màmá ń bèèrè yín."

"Ta ló wà ní ìjókòó àárín?"

"Ta ni ò sí níbẹ̀? Balógun Àtijọ́ ń jà pé ẹ̀gbẹ́ Màmá lòun máa jókòó sí. Mo ní, 'Balógun, ẹ ti gba bọ́ọ̀lù títí ẹ fi hewú, ìjókòó náà lẹ tún fẹ́ gbà?'" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti sọ fún gbogbo wọn: bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti jáde, ká jọ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ fún Bàbá, kí ilẹ̀ mì tìtì!"

"Kó wọn kúrò níbẹ̀."

"Hẹ̀n?"

"Ibẹ̀ ti sán. Bàbá mọ̀."

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí. Ó yí ojú sí àwòrán Bàbá tó ga bí ilé ní òdìkejì pápá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, kí ni wọ́n máa pe Bàbá lọ́la?"

Àkọ́bí kọjá lára rẹ̀. Ó gun òkè lọ bá akéde, ó sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ilé ìwòran yíjú sí i. Ó rí Màmá ní àárín, ó rí Balógun Àtijọ́ tó ti gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè láti fi kilẹ̀.

Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì gùn. *Ẹ jáde. Gbogbo yín.* Ṣùgbọ́n àwòrán ń wò ó láti òdìkejì, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde, tí kò ronú rẹ̀ rárá, tó dùn bí orin ìsìn tí ènìyàn ti há sórí.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn tó ti lọ ló ni ìjókòó yẹn. Lónìí, Bàbá wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ rọra dìde, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni ká fi yẹ́ ẹ sí."

Ẹkún bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Balógun Àtijọ́ ṣí fìlà, ó di Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so okùn funfun padà. Àwọn tó kún ọ̀tún àti òsì ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń nu ojú.

*Bí sáà yìí bá ti parí, màá pe bíríkìlà,* ni Àkọ́bí sọ nínú ara rẹ̀. *Bí sáà yìí bá ti parí.*

Màmá gbá a mọ́ra. "Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ lóòótọ́. Ohùn rẹ̀ gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Òtútù mú un ní ẹ̀yìn ọrùn.

Rẹfirí fọn fèrè. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wòran bí ẹni tó wà nínú ìsìn. Lẹ́yìn náà ni atamátàsé ẹgbẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ó yẹ ẹnì kan sílẹ̀, ó yẹ ẹlòmíràn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ta ló lè ní kí ayọ̀ jókòó? Àkọ́bí ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń bèèrè òun, ó sì gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ tó dáhùn pé, "Wọ́n ti lọ gbàdúrà."

Ó ti ilẹ̀kùn irin náà láti inú. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ibi méjì tó jẹ náà gba eékún rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n ti ń retí. Ó wá àdúrà, kò rí i. Ojú rẹ̀ kàn ń lọ sókè, sí ibi tó sán, tààrà lókè orí rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e ìdí tí Bàbá fi tẹ́ ẹní sí ibí yìí gan-an, tí kò tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé, bí ilé bá wó, orí òun ni yóò kọ́kọ́ wó lé.

Lókè, wọ́n pariwo góòlù. Àkọ́bí na ọwọ́, ó sì di òpó irin tó sún mọ́ ọn jù mú kó má baà yẹ̀.