Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Kọ́ọ̀kì

Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti sin Jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tí Màmá ń dùbúlẹ̀ sí àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dé ẹnu ìgò ọtí, ògiri náà ò sì nípọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Màmá á yí orí sọ́hùn-ún, á máa fetí sílẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi bẹ̀rẹ̀: gbì-ìn, ṣá. Gbì-ìn, ṣá. Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ á tó balẹ̀.

"Ọmọ mi ti jókòó," á wí. "Ẹ gbé tíì mi wá o."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ náà ló ń gbé tíì wá. Kíákíá, àbúrò Jẹ́jẹ́, á tẹ ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dìde, á gba ẹ̀yìnkùlé sáré wọlé, á gbé ife lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí Màmá bá bi í pé kí ló dé tí ẹ̀rọ dákẹ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń pọ́n ọ̀bẹ ni, Màmá." Kò tíì sí ọ̀bẹ tí wọ́n pọ́n tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Ọmọ méjì péré ni Màmá bí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún èyí ẹ̀gbọ́n kúrú díẹ̀ ju ti òsì lọ láti inú oyún, kò sì lè yára, òun ni wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Èyí àbúrò ti ń sáré kó tó mọ ìrìn í rìn, òun ni wọ́n fi ń pè é ní Kíákíá. Ohùn wọn jọra débi pé tí wọ́n bá pe ènìyàn lórí fóònù, àfi kí ènìyàn bi wọ́n pé èwo ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí í ṣi ẹsẹ̀ wọn gbọ́. Ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí ojú Màmá ti fọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀.

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ibẹ̀ ló wà nígbà tí ibà dá Jẹ́jẹ́ dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò sí Jẹ́jẹ́ mọ́. Dókítà Màmá fa àwọn ará ilé sí kọ̀rọ̀, ó ní ọkàn obìnrin náà kò lè gbé ìròyìn burúkú, pé tí wọ́n bá sọ ọ́ fún un, kí wọ́n gbẹ́ sàréè méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àbúrò Màmá, ọkùnrin aránṣọ kan tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Télọ̀, ló sọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

"Ẹyin lọ̀rọ̀," ó wí. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi kí ara ẹ̀ mókun díẹ̀."

"Títí dìgbà wo, Bọ̀dá?" Kíákíá bi í.

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ló di oṣù mẹ́ta. Irọ́ kì í ṣe aláìsàn tí ẹ lè sọ fún pé kó lọ sùn.

Wọ́n gbé Màmá padà sílé, Kíákíá sì gba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òun ló ń kó agbọ̀n kọ́ọ̀kì lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ ọtí sínú ìgò, tó ń fò kọjá lójú fèrèsé Màmá ní ìgbà ogún lóòjọ́. Jíjókòó kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà sì rèé, ó ti dàgbà ju òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ: tábìlì irin kan, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ kọ́ọ̀kì sí, ọ̀bẹ méjì tó kọjú síra wọn. Ẹni tó bá jókòó á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ irin kan, irin yẹn á di kọ́ọ̀kì mú. Á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ èkejì, ọ̀bẹ méjèèjì á sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá ṣẹ́kù sáàárín ọ̀bẹ á bọ́ sínú agbọ̀n, gbogbo rẹ̀ á sì dọ́gba. Ó kéré tán, bó ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ nìyẹn.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ Kíákíá, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín tí kò bá sí ìdí, da odidi àpò kan sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Wo eléyìí," ó wí. "Wo èyí náà. Kí lo pe nǹkan wọ̀nyí?"

"Kọ́ọ̀kì ni, sà."

"Irọ́. Ìka ọwọ́ ni. Ìka ni Ọlọ́run dá tí ò dọ́gba. Kọ́ọ̀kì tó bá gùn, kò ní wọlé tán. Èyí tó bá kúrú, ó ń jò. Mo bá ẹ kẹ́dùn ẹ̀gbọ́n ẹ, ó dùn mí dé ọkàn, àmọ́ ìgò ò mọ̀ pé ẹnì kan kú. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún ẹ."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá sọ tirẹ̀. Kíákíá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife tíì lé e lọ́wọ́ ni.

"Ta ló ń tẹ ẹ̀rọ láti àárọ̀?" Màmá bi í. "Kì í ṣe ọmọ mi nìyẹn. Ó ń ṣe gbì-ṣá, gbì-ṣá bí ẹni tí ajá ń lé. Níbo ni Jẹ́jẹ́ wà?"

Kíákíá ti sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà. "Ó wà ńbẹ̀, Màmá. Orí ló ń fọ́ ọ."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó jókòó, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ló bá rántí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún Jẹ́jẹ́ kúrú, kì í tètè dé orí irin. Á pẹ́ díẹ̀, á wá fi gbogbo ìwúwo ìbàdí bà lé e. Kíákíá ká ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè kúrú, ó jẹ́ kó pẹ́, ó jẹ́ kó wúwo. Gbì-ìn. Ó wá tẹ òsì. Ṣá. Ó mú kọ́ọ̀kì tó bọ́, ó fi wé ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé kẹ́yìn. Wọ́n bára mu. Ó gé méjìlá sí i, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé wọn lórí, kò sí èyí tó yọrí ju èkejì lọ. Ọdún mẹ́tàlá tí Jẹ́jẹ́ fi tẹ ẹ̀rọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ̀, kò sì ṣe tán láti kọ́ ti ẹlòmíì.

Láti ẹ̀yìn ògiri ló ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ mi ti dé."

Kíákíá dojú dé tábìlì irin, ó sunkún bí ọmọdé.

Látìgbà yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tó jókòó, àga á ti gbóná, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà. Ó gbìyànjú láti rò pé oòrùn ló mú àga náà gbóná, ṣùgbọ́n oòrùn kì í dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí irin kó lè nu ojú, ẹ̀rọ sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbì-ìn. Kọ́ọ̀kì tó wà nínú ihò di mímú, ó dúró, ó ń retí ọ̀bẹ. Kíákíá kò sá. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ èyí tó kù.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ̀rù bà á, ó sì tún dùn mọ́ ọn. Kí á sọ òótọ́. Ta ni wọ́n gba ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n wá dá díẹ̀ padà fún, tí yóò ní kí wọ́n máa gbé e lọ?

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yá ẹsẹ̀ òkú lò, tirẹ̀ ńkọ́? Ní bí oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn, Kíákíá ń lọ ra ọṣẹ ní òpópónà, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní igun kí i pé, "Jẹ́jẹ́, ó tó ọjọ́ mẹ́ta!" Ó yíjú, ọkùnrin náà wolẹ̀ nínú ìtìjú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kíákíá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀tún ń wọ́. Ó na án, ó sáré dé ojú àgbàrá, ó ní kó máa lọ tààrà. Ẹsẹ̀ náà pẹ́ díẹ̀, ó wá balẹ̀ gbì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé tíì wọlé bó ṣe máa ń gbé e. "Màmá, ẹ káàárọ̀."

Màmá kò nawọ́ gba ife. "Jẹ́jẹ́?"

"Rárá o, èmi ni, Kíákíá."

Màmá yí orí sí ìhà ògiri. "Ó dáa," ó wí. "Ó dáa, ọmọ mi. Gbé e síbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, kò pe orúkọ Kíákíá mọ́. Kíákíá rò pé àárẹ̀ ara ni. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Tó bá wọlé, "Jẹ́jẹ́" ni. Tó bá jáde, "Jẹ́jẹ́, rọra" ni. Ó wá rí i pé ohun tó ń wù ú jù láyé ni pé kí ìyá rẹ̀ pe orúkọ òun lẹ́ẹ̀kan péré, kódà kó jẹ́ pé èébú ló máa fi tẹ̀ lé e.

Bọ̀dá Télọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Ó ní òun ti rí dókítà, ara Màmá ti le, wọ́n lè tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyìí.

"Ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀, Bọ̀dá."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò tíì jìnnà, jẹ́ ká tètè lé e bá. Ṣé ìyá ẹ lò ń dáàbò bò ni, àbí ara ẹ?"

Kíákíá wo ẹ̀rọ náà. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n òun náà á padà di ọmọ ìyá òun, á sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí.

Wọ́n wọlé. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kojú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Télọ̀ bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ kan wà—"

"Jókòó, àbúrò mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi kan ti kú."

Téèpù bọ́ lọ́rùn Télọ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹsẹ̀ ló sọ fún mi. Ó lé lóṣù kan tí mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ Kíákíá nínú ilé yìí. Jẹ́jẹ́ ló ń wọlé. Á wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, á wá fi orúkọ àbúrò ẹ̀ kí mi." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. "Mi ò bá a wí. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù kí n má lọ kú ni. Mo ti sunkún ọmọ yẹn níbí. Mo máa ń ki aṣọ bọ ẹnu kí Jẹ́jẹ́ má baà gbọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo sunkún rẹ̀ títí ẹkún fi tán."

Kíákíá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ti la ẹnu.

"Mo dúpẹ́ pé ó ku ọ̀kan," Màmá wí. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹnì kan jù. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, òun ni ọkàn ìyá máa ń gbé kiri. Ká ní Jẹ́jẹ́ ló lọ ni, tí ilẹ̀ mọ́ tí mi ò gbọ́ ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀ bá ti sin èmi náà. Òótọ́ ni mo sọ fún yín."

Télọ̀ gbójú sókè wo Kíákíá. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó hàn lójú rẹ̀. Kíákíá mi orí: rárá. Ó tún mi orí. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá téèpù rẹ̀ nílẹ̀, kò sì tètè gbójú sókè mọ́.

"Jẹ́jẹ́, sún mọ́ mi," Màmá wí. Kíákíá wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó jókòó tì í. Ọwọ́ tí àìsàn ti bà jẹ́, tí kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù, wá ọwọ́ rẹ̀ kiri, ó dì í mú. "Ṣé ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tó ń lọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kí ló sọ kẹ́yìn? Má fi pamọ́ fún mi."

Jẹ́jẹ́ kò sọ nǹkan kan kẹ́yìn, ibà ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta. Kíákíá ronú. Kò sí ẹlòmíì tí òun lè yá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò fẹ́ lọ," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Ó ní kí ẹ máa pe orúkọ òun."

Màmá mi orí. "Kíákíá," ó wí. "Kíákíá mi." Ó wá rọra tì í ní èjìká. "Dìde, máa lọ sídìí ẹ̀rọ, ọmọ mi. Ilé ti dákẹ́ jù."