Ojú Tí Kò Sunkún

“Ìyàwó, ilẹ̀ ti ń mọ́ o. A ò tíì gbọ́ ohùn rẹ.”

Orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, bíírò lọ́wọ́ mi, ìwé lórí itan. Ní ìdílé tiwa ní Òde-Ayé, opó gbọ́dọ̀ fi ẹkún jí fún ọjọ́ méje kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀, àwa ọmọbìnrin ilé ni a ó sì jókòó gbọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta nìyí. Aníwúrà, ìyàwó Philemon ẹ̀gbọ́n mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, jókòó sórí ẹní, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan, ó ń wo ilẹ̀.

“Àǹtí Tíṣà, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Kò wá ni. Mo ti pè é títí, kò wá.”

Kò wá kẹ̀? Àlejò ni ẹkún ni? Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ojú gbẹ, kò lè wo ojú ẹni, ohùn tútù.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ mí ni mò ń ṣe. Olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Okitipupa, sáíkọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé kò sí ọmọ tí yóò purọ́ fún mi tí n kò ní mọ̀. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé oúnjẹ ìyàwó ló pa Philemon, Bàbá Oyèkànmí, àbúrò bàbá wa tí ó jẹ́ olórí ẹbí, ránṣẹ́ pè mí.

“Jùwọ́nlọ́lá, ayé ti là,” ni ó wí. “A ò ní fún un ní omi tí a fi wẹ òkú mu. Ìwọ tí o kàwé nípa ọkàn ènìyàn, bá wa wò ó, kí o kọ ohun tí o bá rí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò ti tọ́ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá mọ́, yóò padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Akotogbo, ọmọ wa yóò sì dúró.”

Orí mi wú. Ọ̀làjú dé ìdílé wa, èmi ni mo sì gbé e wọlé.

Láti ìgbà náà ni gbogbo ohun tí Aníwúrà bá ṣe ti ń fu mí lára. Bí ó bá jẹun, mo ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù. Bí kò bá jẹun, mo ní ẹ̀rí-ọkàn ló ń dà á láàmú. Bí ó bá gbá Ìdáraolúwa mọ́ra, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, òun nìkan ṣoṣo tí wọ́n bí, mo ní ó ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Àpò ọ̀rá kan sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń fi pamọ́?

Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ó lọ wẹ̀, mo tú àpò náà. Káàdì ọsibítù ni mo rí, àti ìwé ọmọ ilé-ìwé kan tí ó kọ oṣù mẹ́jọ àìsàn ọkọ rẹ̀ sí: wákàtí tí ó lo oògùn, iye ìgbà tí ó bì, ẹni tí ó wá kí i. Ojú ìwé tí ó kẹ́yìn ló gbá mi létí: “Ó ní kí n pe Jùwọ́nlọ́lá, pé ohùn rẹ̀ lásán ni òun fẹ́ gbọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbé e. Mo sọ fún ọkọ mi pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì.”

Nẹ́tíwọ̀kì wà. Mo jókòó ti fóònù náà, mo ń wò ó bí ó ti ń dún. Mo ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi rù kan eegun, ẹ̀rù ń bà mí láti rí i, mo sì ti ń fi ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àwáwí láti oṣù mẹ́ta.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo kọ? Mo ní: “Ó ń kọ wákàtí sílẹ̀ bí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò parí. Irọ́ kò ṣòro fún un, ó purọ́ fún aláìsàn.”

Ní ọjọ́ keje, Bàbá Oyèkànmí ka ìwé mi sókè fún àwọn ènìyàn Aníwúrà tí wọ́n ti Akotogbo wá, Ìdáraolúwa sì jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́. Gbogbo ibi tí mo ti lo ọ̀rọ̀ ńlá ni ó ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Àgbẹ̀ ni àwọn àlejò wọ̀nyí. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ sí ìwé ẹni tó lọ sí yunifásítì?

Aníwúrà nìkan ló dìde. Kò pariwo. “Àǹtí Tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ ti rí ìwé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ojú ìwé tí ó kẹ́yìn fún wọn.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, “Ohun tí mo rí ni mo kọ.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n já Ìdáraolúwa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún, igbe náà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi jáde síta. Obìnrin ilé wa kan pòṣé. “Ẹ ò rí i? Àṣé ó mọ ẹkún sun!”

Ọdọọdún ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ohun tí ọkàn bá tijú láti gbà nípa ara rẹ̀, a máa gbé e ru ẹlòmíràn. Mo ní àpẹẹrẹ rẹ̀ lára olóṣèlú, mo ní i lára pásítọ̀ àti lára ìyá ọkọ. N kò wá a lára mi rí.

Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, mo lọ bá Bàbá Oyèkànmí. Iwájú ilé Philemon ni mo ti bá a, níbi tí Adéìfẹ́, ọmọ Bàbá fúnra rẹ̀, ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kí a lọ bẹ obìnrin náà, kí a mú un padà wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Dìde, ọmọ mi. Ta ló sọ fún ọ pé ìwé rẹ la ń dúró dè? Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti fún Adéìfẹ́ ní ilé yìí. Àwọn ará Akotogbo ni kò ní gbà bí a bá fi ẹnu lásán sọ ọ́. O bá wa ṣe é láìsí ìjà. O ṣeun.”

Èmi ni wọ́n gbé ọmọ fún. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìdáraolúwa ti wà lọ́dọ̀ mi ní Okitipupa. Kì í yọ mí lẹ́nu rárá. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dákẹ́, a dákẹ́. Lánàá, mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo gbójú sókè, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wò mí.

“Àǹtí,” ni ó wí, “tí ẹ bá ń kọ tèmi, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe ojú?”