Òfìfo Ni Wọ́n Fi Dán An Wò

"Gbé e sókè sí i, Ovie!"

Ovie tó ń wa fọ́kílíìfù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù, fa ọ̀pá bí Ògúnjìmí mẹkáníìkì ṣe wí. Àpò ṣúgà tó wà lẹ́nu fọ́kílíìfù náà gbéra nílẹ̀. Kò tíì ga tó ìbàdí ènìyàn tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ló bá kú. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tún un tan, ó ń dún bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Ògúnjìmí ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀rọ tó ń sáré lófìfo, tó wá ń kú lábẹ́ ẹrù, epo ni kò rí mu tó. Ó tú fílítà dísẹ́ẹ̀lì, ó da inú rẹ̀ sínú ike. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú.

"Brọ̀dá, ẹ ò rí nǹkan!" Ovie figbe ta. "Mo ti ń sọ fún wọn tipẹ́. Na water dem dey give us!"

Máníjà Ọbalọlá fa Ògúnjìmí lọ sẹ́yìn kọnténà. Ta ni kò mọ̀ nínú ọgbà ilé ìkẹ́rùsí náà, ní Wharf Road, pé àna máníjà ló ń gbé dísẹ́ẹ̀lì wá?

"Pààrọ̀ fílítà, kí o sì panu mọ́. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀. Gbogbo fọ́kílíìfù ibí yìí, ṣé o ṣì fẹ́ máa tún wọn ṣe àbí o ò fẹ́?"

"Sà, ẹ jẹ́ ká da epo inú dúrọ́ọ̀mù yẹn nù. Tí ẹ̀rọ yìí bá lọ kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tòun tẹrù, búréèkì ò ní mú dáadáa mọ́."

"Ṣé èmi ni mo ní kó kú ni?"

Háà, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run! Ògúnjìmí pààrọ̀ fílítà, ó panu mọ́. Nígbà tí ọ̀gá àgbà dé láti Àpápá GRA, máníjà ní kí wọ́n gbé ẹrù kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ kí wọ́n tó dán an wò. Ovie wà á lọ, ó wà á bọ̀, lófìfo. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́, ó padà sínú mọ́tò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi bu epo inú dúrọ́ọ̀mù kan náà sí i.

"Ṣé ó ti dáa tán, brọ̀dá?" Ovie béèrè. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé l'Ájégúnlẹ̀, yàrá wọn kọjú síra. Ohun tí Ògúnjìmí bá ti sọ nípa ẹ̀rọ, abẹ gé e nìyẹn lójú Ovie.

"Ó ti dáa." Ògúnjìmí ò wò ó lójú. "Ṣáà máa rọra."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ náà kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ilé ìkẹ́rùsí. Ṣúgà ló gbé. Ovie tẹ búréèkì títí, ẹ̀rọ ń yí padà sẹ́yìn. Ó na ẹsẹ̀ jáde kó lè fò, àfi gbàgà! Ẹ̀rọ há ẹsẹ̀ náà mọ́ ògiri. Abẹ́ orúnkún ni àwọn dókítà ti gé e. Ilé iṣẹ́ ní eré àsápajúdé ni Ovie ń sá, pé àwọn ò ní san owó báńdéèjì pàápàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ganiyat, ìyàwó Ovie, kanlẹ̀kùn Ògúnjìmí. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Kóredé. Ovie ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní bí kì í bá ṣe pé ẹ kìlọ̀ fún òun kí òun máa rọra, òun ì bá ti kú." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ tú ẹ̀rọ náà wò. Wọ́n á gbọ́ tiyín."

"Dìde, dìde. Jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù."

Ganiyat jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè é. Ògúnjìmí wọ ẹ̀wù, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú bàtà lọ́wọ́, ó sì rọra gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Máníjà ti pè é ní ìdájí. Fọ́kílíìfù mìíràn ti ń kú lábẹ́ ẹrù.