Ṣọ́bìrì Lórí Odi

"Ó tún ti kú, àbí?"

Ẹnu ọ̀nà ni Eilert Harberts ti béèrè, kò wọlé. Ẹrẹ̀ ti bo bàtà òjò rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì mọ̀ pé Okka kì í gbà kí wọ́n gbé ẹrẹ̀ wọ yàrá ẹ̀rọ.

"Kò kú," ni Okka dáhùn lábẹ́ tábìlì, níbi tó kúnlẹ̀ sí bí ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run. "Ikùn rẹ̀ ló kún. Nǹkan àtijọ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀, kò ráyè gba tuntun. Mo ti kó wọn dànù. Ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Lánàá tí omi gun oko Meint, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Okka fa ara rẹ̀ jáde, ó di etí tábìlì mú kó tó lè dìde. Ìbéèrè tí onítọ̀hún ti mọ ìdáhùn rẹ̀, iyọ̀ ojú egbò ni.

"Ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí," ni Eilert wí. Ó bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. "Brandis lorúkọ rẹ̀. Àwọn ló ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà ta ọjà wọn lágbègbè wa. Ó ń mú ìwé àdéhùn bọ̀ pé kí wọ́n gba iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí padà, mo sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ, kó o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Má bínú, Okka."

"Mi ò bínú, Ọ̀gá. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú."

Eilert dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Eilert ni Olórí Odi ní Westersiel, létí òkun ní Yúróòpù. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Odi alámọ̀ kan ló dúró láàárín màlúù àti omi iyọ̀. Òkun, ọba tí kì í sùn, a-jẹ-ilẹ̀-má-yó, ó ti gbé odidi abúlé mì níbẹ̀ rí, tòun ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi dá Ẹgbẹ́ Odi sílẹ̀ láyé àtijọ́, tí olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ mọ, tó sì gbọ́dọ̀ máa tún ṣe. Ẹni tí kò bá ní mọ odi, kó kó ẹrù rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ọmọ ibẹ̀ ń mu mọ́ wàrà ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ka gíga omi, òun ló sì ń ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi pé ó yá, ẹ tì í. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, títí di àárọ̀ Sátidé kan tí ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà mọ́ wọn láìsọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Wọ́n tẹ̀ wọ́n láago. Ẹ̀rọ ló dá wọn lóhùn, ohùn obìnrin dídùn kan tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ṣe pàtàkì. Ọjọ́ gorí ọjọ́, ohùn náà kò yí padà. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà tún ṣí, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí. Aṣọ àyáwọ̀ kì í báni lára mu: bí kò fúnni lápá, yóò máa wọ́lẹ̀ nídìí. Àwọn àgbẹ̀ pàdé tìbínú-tìbínú, gbogbo ọwọ́ ló sì lọ sókè: ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan wa wálé.

Okka àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Focko ló gbé e wálé. Wọ́n to ẹ̀rọ sínú ilé pọ́ǹpù àtijọ́, wọ́n sì fi ètò tí àwọn ọmọ Yúróòpù fúnra wọn kọ, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò, ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ó ṣiṣẹ́. Inú ìlú dùn. Lẹ́yìn náà ni Focko ríṣẹ́ ní Munich, lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà. Ó gbé kéèkì wá sọ́fíìsì bí ìṣe ẹni tó ń dágbére, ó sì lọ. Okka tọrọ ẹni tí yóò bá a gbé e. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Fóònù ìkìlọ̀ ń bá a jẹun, ó ń bá a sùn, ó ń bá a lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lánàá, ó gbé e sílẹ̀ nílé ìdáná kó lè ráyè wẹ Hinrika, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó. Àná náà ni ikùn ẹ̀rọ kún, tí ìjì sì dé.

"Moin," ni Okka wí bó ti wọ Gbọ̀ngàn Odi, bí wọ́n ti ń kíra wọn níbẹ̀.

"Moin," ni Meint dá a lóhùn, kò wẹ̀yìn. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi tó tóbi jù, òun náà ló sì ń po tíì ìpàdé, nítorí ó ní tíì àwọn yòókù dà bí omi ìfọṣọ. Ó ti fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ gbé apá ọ̀tún kọ́ ọrùn.

"Apá yín ńkọ́, Bàbá Meint?"

"Ó wà níbi tó wà. Ẹ̀rọ rẹ gbàgbé mi lánàá."

"Mo gbọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Màlúù mi ló sọ fún mi. Ó dúró sórí òkè, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mò ń da omi. Ni mo bá sáré lọ fi ọwọ́ yí ilẹ̀kùn náà pa. Ìyàwó mi ní bí mo bá kú síbẹ̀, òun ò ní sin mí, òun á fi mí dí odi ni."

Ó ju ṣúgà olókùúta kan sínú ife, ó da tíì gbígbóná lé e lórí títí ó fi sán, ó sì fi ọ̀rá wàrà yí etí rẹ̀. Wọn kì í ro tíì níbẹ̀. Ṣíbí ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó bá ti tó fún á gbé ṣíbí sínú ife, ẹni tí kò bá gbé e síbẹ̀, wọn á máa bù fún un lọ ni. Gbogbo ìlú ló mọ Okka mọ́ pé kì í rántí ṣíbí. Bí wọ́n bá ṣe ń bù ú ni yóò ṣe máa mu ú.

"Ẹ̀yin náà á fọwọ́ sí i lónìí?" ló béèrè nígbà tí bàbá náà bu ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Èmi fẹ́ sùn, ọmọ Hinrika. Ẹni tó bá lè jẹ́ kí n sùn ni mo máa fọwọ́ sí fún."

"Èmi náà fẹ́ sùn, Bàbá."

Meint wá wò ó, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni Okka ń wò, níbi tí ṣọ́bìrì àtijọ́ wà láàárín àwòrán àwọn Olórí Odi tó ti kú. Láyé àwọn baba ńlá wọn, ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ìpín odi rẹ̀ mọ́ á gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, á gún un mọ́ odi, á sì fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbé. Ẹni tó bá fa ṣọ́bìrì náà yọ ló ni ilẹ̀, òun náà ló sì ni iṣẹ́. Ìwé òfin ti gbàgbé rẹ̀. Kò sí ọmọ ibẹ̀ tó gbàgbé.

Okka gun àga, ó sì gbé e kúrò lára ìṣó.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń bọ̀, Bàbá."

"Tíì rẹ á tutù o."

Ó gun odi tó wà níwájú gbọ̀ngàn, àwọn àgùntàn yà fún un. Afẹ́fẹ́ òkun ń lù ú lójú. Kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní, "Olúwa, ìwọ lo mọ ìwọ̀n ẹrù. Èyí ti ju orí mi lọ." Ó gún ṣọ́bìrì mọ́ ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dúró. Kò sunkún, inú rẹ̀ kò sì dùn. Èjìká rẹ̀ kàn tutù, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ dé, kò sẹ́ni tó wọlé nínú wọn. Wọ́n gun odi lọ́kọ̀ọ̀kan, Meint náà tẹ̀ lé wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yí ṣọ́bìrì ká bí àwọn tó wá sìnkú.

"Ìwọ lo gbé e síbẹ̀?" ni Eilert béèrè.

"Èmi ni."

"Kì í ṣe eré?"

"Ẹ mọ̀ mí, Ọ̀gá. Ṣé mo máa ń ṣeré?"

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ Brandis dé. Ará gúúsù ni, ẹni bí ogójì ọdún, ọlọ́yàyà, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó rò pé òun ni wọ́n jáde wá pàdé. Ó gun òkè wá, ó ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́.

"Ibí yìí mà dára o. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò kan ká tó wọlé, kí òkun wà lẹ́yìn wa. Ẹ jẹ́ n bá yín yọ nǹkan yìí kúrò lọ́nà." Ó sì gbé ọwọ́ lé igi ṣọ́bìrì.

"Fi sílẹ̀."

Meint ló sọ ọ́, kò sì pariwo. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Brandis ká ọwọ́ rẹ̀ kò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Bí ẹ bá fà á yọ, ẹ̀yin lẹ ni odi," ni Eilert ṣàlàyé, ojú ń tì í. "Ẹ̀yin náà lẹ ni ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin àtijọ́ ni."

"Àtijọ́ kẹ̀." Brandis rẹ́rìn-ín. "Àwa ò fẹ́ ilẹ̀ yín, ẹ̀yin bàbá. Ẹrù yín nìkan la fẹ́ bá yín gbé."

"Kò sí èkíní láìsí èkejì," ni Meint wí. "Jẹ́ n bi ọ́, ọmọ mi. Bí ìjì bá dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí nǹkan yín ò sì ránṣẹ́ sí mi, ta ni mo máa pè?"

"Nọ́ńbà kan wà tí ẹ ó máa pè. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló ń gbé e?"

Brandis wo bàtà rẹ̀. "Ètò kan ni. Ó gbọ́n gan-an. Ó ń sọ èdè wa."

"Ohùn obìnrin ni?"

"Ẹ lè yan èyí tó bá wù yín."

Eilert wo òkun, ó wo oko Meint tí omi ṣì dúró sí. Ó wo Okka pẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tí kò bára mu, ojú rẹ̀ tó ti wọnú. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó di ṣọ́bìrì mú, ó sì fà á. Ẹ̀yìn ń dùn ún; ó fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ lé e, tòun ti ìṣù koríko.

"Ó ti di tèmi," ló wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ orí, mi ò mọ ìdí rẹ̀."

"Òfin ní kí èmi máa lọ," ni Okka wí.

"Òfin ní kó o máa lọ. Kò sọ pé o ò lè wá kọ́ni níṣẹ́. Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Mo máa sùn ní Mọ́ńdè."

"Túsìdé, nígbà náà."

"Mi ò ní kọ́ ẹ̀yin nìkan."

"Kí abúlé kọ̀ọ̀kan fi ẹnìkan sílẹ̀," ni Meint dá sí i, "bí a ti ń ṣe tí a bá fẹ́ yẹ odi wò. Ṣebí odi náà ni."

Eilert mi orí. Ohùn kò pọ̀ níbẹ̀. Mímì orí tó ìpàdé.

Wọ́n wọlé lọ mu tíì, wọ́n sì pe Brandis mọ́ra, nítorí kò yẹ kí àlejò lọ pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ. Ó ro tíì tirẹ̀ dáadáa, ó fi ṣíbí sílẹ̀ nínú ife, ẹnikẹ́ni kò sì bù fún un mọ́. Kò mọ ìdí. Ìwé àdéhùn rẹ̀ wà nínú àpò títí ó fi dágbére.

Okka mú fóònù ìkìlọ̀ jáde, ó gbé e sí iwájú Olórí Odi lórí tábìlì. Eilert wò ó bí ọkùnrin tí wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ ẹlòmíì lé lẹ́sẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi dún. Ó wo fóònù, ó wo Okka.

"Òkun ló ń pọ̀ sí i, bí ìṣe rẹ̀ lásìkò yìí," ni Okka wí, kò dìde. "Ẹ tẹ àwọ̀ ewé, ẹ má tẹ pupa."

Eilert fi ìka tó nípọn tẹ àwọ̀ ewé. Fóònù dákẹ́. Meint na ìkòkò tíì sí Okka fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Okka gbé ṣíbí rẹ̀, ó sì rọra fi í sínú ife.