Jíà Tuntun Nínú Àsùlù

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀," ni Oyèdélé wí, ó sì na ọwọ́.

Ibùdó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Asafo, ní ìlú Kumasi ní Ghana, ni wọ́n wà, aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Àwọn awakọ̀ tó ń mu ògì gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókó lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wọn. Zúbàírù, tó ti ń wa lọ́rì Oyèdélé láti ọdún mẹ́rin, kò mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde. Ó mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Awakọ̀ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba ibùdó nítorí epo, kò sí ọlọ́kọ̀ kan ní Kumasi tí yóò tún gbé ọkọ̀ fún un.

"Bàbá, mi ò jí epo yín," ni ó wí. "Láti ìgbà tí ẹ ti pààrọ̀ jíà ni aago tó ń ka ìrìn ọkọ̀ yẹn ò ti dá mi lójú mọ́."

"Aago kì í jalè," ni Oyèdélé dáhùn. "Kò láya, kò bímọ, kò sì ní ibi tó ń gbé epo lọ tà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Zúbàírù wolẹ̀.

Àṣà àwọn awakọ̀ ibùdó náà ni pé epo tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìrìnàjò, ti awakọ̀ ni. Oyèdélé kò gba àṣà yìí rí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé sítóò fún ilé iṣẹ́ pákó kan kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni pé "ìyókù" ni orúkọ tí olè máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Owó oṣù tó tẹ́rùn ló ń san fún Zúbàírù, kí ọ̀rọ̀ ìyókù má baà wáyé rárá.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló gbé lọ́rì náà lọ bá Fatawu ní Suame, níbi tí àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe pọ̀ sí. Fatawu ló sọ fún un pé jíà inú àsùlù, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ló ń jẹ epo. Ọ̀pá gígùn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ní láti yí nígbà márùn-ún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fi jíà mìíràn sí i, ìgbà mẹ́rin péré ni ọ̀pá náà yóò máa yí, ẹ́ńjìnì yóò sinmi, epo yóò sì dín. Oyèdélé gbà. Ó kórìíra kí ohun ìlò ṣòfò ju bí ó ti kórìíra ìnáwó lọ.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ èrè. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò wo iye kìlómítà tí aago ọkọ̀ kà, yóò sì fi wé iye epo tó wọ inú táńkì. Lítà kan tó máa ń gbé ọkọ̀ rin kìlómítà méjì ààbọ̀ tẹ́lẹ̀, kò wá ju méjì lé díẹ̀ lọ mọ́. Jíà tuntun wọlé, epo sì túbọ̀ ń lọ. Oyèdélé kò rí ju ìdáhùn kan ṣoṣo lọ sí i: ẹnì kan ń fà á jáde.

Bàbá Jímọ̀h, tó jẹ́ olórí àwọn awakọ̀ ibùdó, ló dá sí i. Ó gbé igbá kókó rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ẹnu.

"Oyèdélé, ọkọ̀ rẹ ń lọ kó iṣu ní Techiman lónìí, àbí? Jókòó sí iwájú, kí ẹ jọ lọ. Kí ojú rẹ jẹ́ aago fún ọjọ́ kan. Bí o bá rí i tó ń fa epo, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, a ò ní bi ọ́."

Oyèdélé kò lè kọ ọ̀rọ̀ náà fún un níwájú èèyàn.

Wọ́n kọjá Offinso. Zúbàírù ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, Oyèdélé sì ń wo aago iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Lẹ́bàá ọ̀nà, pátákó kan fi hàn pé ó ku àádọ́ta kìlómítà dé Techiman. Ó há nọ́ńbà tó wà lójú aago sórí, kì í ṣe fún ìdí kan, bí kò ṣe pé ojú rẹ̀ kò mọ bí a ti ń wo nǹkan lásán. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí pátákó ti sọ pé ó ku ogójì, aago kò tíì ka ju mẹ́jọ lọ.

Ó rò pé òun ṣì í rí ni. Ó tún un ṣọ́ láti ogójì dé ọgbọ̀n. Mẹ́jọ náà ni.

"Dúró," ni ó wí.

Zúbàírù wá ibi tó dára, ó dúró. Oyèdélé sọ̀ kalẹ̀, ó pe Fatawu lórí fóònù, ó sì ro ohun tó rí fún un.

"Bàbá, iye ìgbà tí ọ̀pá yẹn yí ni aago ń kà," ni Fatawu wí. "Tó bá yí lẹ́ẹ̀mẹrin dípò márùn-ún, aago á rò pé ọkọ̀ ò rìn tó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n tún aago náà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀wọ́, mo gbàgbé."

Oyèdélé dúró sínú koríko ẹ̀bá ọ̀nà, ó tún ìṣirò náà ṣe lórí. Ọkọ̀ ti ń rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà, aago sì ń kà á sí ẹgbẹ̀rin. Epo kankan kò sọnù. Nínú irinwó lítà tí ọkọ̀ ń mu tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ló ń kù báyìí. Láti oṣù mẹ́ta ni èrè ti ń wọlé, òun sì ń pè é ní olè.

Nígbà tó padà wọ ọkọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Zúbàírù bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà ló ní òun yóò fi nǹkan kún owó oṣù rẹ̀.

Zúbàírù gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ máà bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ bi fítà nípa jíà, ẹ bi aago nípa epo. Èmi tí mò ń wà á, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan." Ó mí kanlẹ̀. "Owó kọ́ ni mo fẹ́. Èyí tí ẹ sọ fún mi nínú ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Èyí tí ẹ sọ láàárọ̀, gbogbo Asafo ló gbọ́ ọ."

Oyèdélé ti ń rò ó pé òun á rán Kíkẹ́lọmọ ìyàwó òun sí ìyá Zúbàírù ní Dichemso, kí àwọn obìnrin fi ẹnu tútù parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí àwọn àgbà ti ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó lè bí, àgàgà níwájú àwọn tó ń mu kókó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ro èyí títí wọ́n fi kó iṣu tán, ó ń rò ó bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó ní ìrọ̀lẹ́, kò dúró kí wọ́n já ẹrù. Ó lọ tààrà síbi bẹ́ǹṣì, ó sì bọ́ fìlà.

"Mo pe Zúbàírù ní olè níhìn-ín láàárọ̀," ni ó wí. "Kò jalè. Aago ọkọ̀ ló ń purọ́, èmi ni mo gbà á gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Zúbàírù fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Oyèdélé sì di apá rẹ̀ mú kó má ṣe é.

Bàbá Jímọ̀h wá béèrè ohun tí gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ́ mọ̀. "Jíà yẹn wá ń kó èrè epo wọlé, àbí kò kó o?"

Oyèdélé ti la ẹnu. Iye rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pérépéré. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ bi awakọ̀," ni ó wí.

Zúbàírù wò ó, ó wo Bàbá Jímọ̀h. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójú ọ̀nà títẹ́jú bí ti Techiman, èrè ń bẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di iṣu kún un láti Ejura, tó wá kan òkè Mampong, ọkọ̀ ń kérora, kílọ́ọ̀ṣì ń gbóná, epo tí jíà bá sì dín kù, òkè á gbà á padà. Kí wọ́n máa dín ẹrù kù lójú ọ̀nà yẹn, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ gba ibẹ̀ mọ́.

Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé sítóò, ìbéèrè mẹ́ta ló ti sọ sí Oyèdélé lọ́kàn. Kò bi í ní ọ̀kankan. Ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì, ó sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.